Àpótí Ìkọ̀wé Tó Lé Àfẹ́sọ́nà Lọ

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, opó kan tó ń tẹ lẹ́tà fún aráàlú ló gbé e wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló pè lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́rin ni opó yìí fi tẹ lẹ́tà ìfẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tó kan tirẹ̀, ẹjọ́ ló dà.

"Kábíyèsí, káfíńtà kan ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo tẹ èsì mi sójú kọ̀ǹpútà: 'Mo gbà. Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé.' Mo kọ́pì rẹ̀. Mo ṣí lẹ́tà àtijọ́ tí mo kọ sí ayálégbé mi, torí ìkíni rẹ̀ dára. Mo fi máòsì kun ìlà àárín, kí n fi èsì mi rọ́pò rẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, mo fi ránṣẹ́."

"Kí ni káfíńtà rí kà?"

"'Ẹ kó ẹrù yín kúrò nílé mi kílẹ̀ tó mọ́.'"

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu.

"O ò kà á kó tó lọ?"

"Mo dijú ni, Kábíyèsí. Ojú ń tì mí."

Àbúrò dọ̀bálẹ̀. "Kádé pẹ́ lórí. Èmi ni mo ṣe àpótí ìkọ̀wé tó ń tẹ̀ sí lójú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti fi máòsì kùn, kò dúró dàṣẹ, á kọ́pì rẹ̀."

"Èyí tó ti dì mú tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Á sọ ọ́ nù. Ọwọ́ kan ló ní."

"Ìlà tó fẹ́ pa rẹ́ ló wá tún lẹ̀ padà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ kan ohun tí kò fẹ́."

Ìyá àgbà wọn jẹ́rìí fún opó: "Ojú mi báyìí ló ṣe kọ́pì 'Mo gbà'."

"Gíláàsì yín wà lójú?"

"Rárá. Mo gbọ́ ọ ni."

Télọ̀ kan jẹ́rìí fún àbúrò: "Ọdún kan ni mo ti ń lò ó, kò dà mí láàmú rí."

"Kí lo fi ń tẹ̀?"

"N kì í tẹ nǹkan. Aago ara rẹ̀ ni mo máa ń wò."

Kábíyèsí dájọ́: "Àbúrò, ìwọ ni àpótí lónìí. Gbé èsì ẹ̀gbọ́n rẹ sẹ́nu, fẹsẹ̀ rìn tọ káfíńtà lọ. Ẹni tó bá fara kàn ọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni kóo gbé, kóo sọ ti àkọ́kọ́ nù, kóo gbé tiẹ̀ padà wá, kóo tún gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Kábíyèsí, ibùdókọ̀ lọ̀nà gbà."

"Mo mọ̀."

Ó lọ, ó bọ̀.

"Kí lo gbé dé?"

"'Ẹ sún mọ́ra, ẹnì kan ṣì máa jókòó.'"

Ó tún lọ. "'Ìwọ, o ò ríran ni?'"

Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀karùn-ún, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, opó náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n lọ fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Ohun tí mo ti ń retí nìyẹn." Ọba yíjú sáwọn ẹ̀ṣọ́. "Ẹ ṣáájú rẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má fara kàn án títí yóò fi débẹ̀."