Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Gbìì!

Ẹ má jáyà o. Káfíńtà ló ṣubú lórí àga, bó ṣe ń ṣubú lójoojúmọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Onígbàjámọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yìí ló kọjú sí tèmi gan-an. Ọwọ́ ẹ̀ dán nídìí iṣẹ́, àmọ́ tí oòrùn bá ti dé àtàrí báyìí, oorun á gbé e bí àṣá ṣe ń gbé òròmọdìẹ. La bá sọ ọ́ ní Ọ̀sán-Pọ́n.

Bẹ́ẹ̀, ó ti rí ọmọge tó fẹ́ fẹ́. Bàbá ọmọge yìí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́ ìròyìn ẹ. Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án gangan. Lọ jáwọ́ ńbẹ̀. Màá yọ sí ẹ lọ́jọ́ tó ò lérò."

Wàhálà dé!

Ọ̀sán-Pọ́n búra pé òun àti oorun ọ̀sán ti pín gaàrí. Ó bu omi tútù sójú, oorun bá a nínú omi. Ó ní òun ò ní jókòó mọ́, ó sùn lóòró bí òpó iná. Nígbà tó yá, ó fa àga tó máa ń sùn lé jáde, ó mú ayùn. Fìrì, fìrì, fìrì! Ó gé ẹsẹ̀ iwájú kan sọnù.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ́n ni. Tí mo bá lajú sílẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi láá gbé àga dúró. Tí oorun bá gbé mi, ẹsẹ̀ mi á dẹ̀, àga á dà mí nù."

"O ò ṣe kúkú gbé àga náà sọnù?"

"Orí pákó ni màá sùn lé nìyẹn. Pákó ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ojú ọkùnrin yìí rí màbo. Gbìì lónìí, gbìì lọ́la. Kókó so síwájú orí ẹ̀ bí ìgbà tí ìgbín gùn ún. Àmọ́ kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Ó di pé ọ̀sán pọ́n, ó lajú kalẹ̀, ó ń fá pákó lọ ràì. Inú mi dùn sí i.

Ni bàbá ìyàwó bá yọ.

Mo ń fá orí oníbàárà kan lọ́wọ́, apá ọ̀tún ti tán. Mo gbé kílípà sílẹ̀.

"Apá òsì ńkọ́?" ni oníbàárà wí.

"Ẹ ṣe sùúrù, ká wòran."

"Ẹ káàsán, sà! Ẹ kú ìrìn, sà!" Ọ̀sán-Pọ́n ti tẹrí ba.

Ẹnu ya Bàbá. "O ò sùn?"

"Oorun kẹ̀, sà? A ò kíra wa mọ́."

Inú Bàbá dùn. Ó rí àga tí òkìtì èérún pákó bo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó sì kọrí síbẹ̀.

"Sà, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn!"

"Kí ló dé?"

Kí ni kó wí? Ṣé kí káfíńtà sọ pé àga tòun ò pé ẹsẹ̀, kó tún wá sọ ìdí ẹ̀?

"Ó... ó léruku, sà."

"Eruku ò pa mí rí." Bàbá jókòó, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ dáadáa, àga sì dúró. Ó bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. "Ọmọ mi, oorun ọ̀sán ni olè tó ń jí ayé ọkùnrin kó. Ọkùnrin tó bá ń sùn lọ́sàn-án... tó bá ń sùn... sùn..."

Ojú Bàbá ń pa dé!

Ọ̀sán-Pọ́n ki òòlù mọ́lẹ̀. Gbà! Gbà! Gbà!

Bàbá ta jí. "Ẹn-hẹn, bí mo ṣe ń wí..."

Kò pẹ́, orí tún ń tẹ̀. Gbà! Gbà! Ọ̀sán-Pọ́n kan ìṣó títí ìṣó fi tán, ló bá ń fi òòlù na pákó lásán. Ó wúkọ́. Ó sín. Ó dá orin. Bàbá ò gbọ́ orin.

Gbìììì!

Fìlà ń lọ lọ́tọ̀, ó bọ́ sínú agolo gọ́ọ̀mù. Bàbá ń lọ lọ́tọ̀, ó nà sílẹ̀ gbalaja. Oníbàárà mi, pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan, dì mí mú kó má baà ṣubú fún ẹ̀rín.

"Ta ló tì mí?" ni Bàbá wí.

"Kò sẹ́ni tó tì yín, sà."

"Mi ò sùn o! Mo ń ronú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ nu itọ́ ẹnu yín, sà."

Bàbá wo àga. "Ẹsẹ̀ kẹrin dà?"

Ọ̀sán-Pọ́n dọ̀bálẹ̀. Ó rò pé ìyàwó ti bọ́ nìyẹn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo gé e, kó lè máa jí mi. Nítorí ọmọ yín ni, sà."

Bàbá wò yí ká. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ tèmi, etí mi gùn.

"Ìyá ọmọ mi ló ṣòfin yẹn. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kí n fojú ba oorun ọ̀sán nílé. Ó ní ọ̀lẹ ò gbọdọ̀ wọ ìdílé òun."

"Sà?"

"Mo ti fún ẹ lọ́mọ. Kan ẹsẹ̀ àga yẹn padà. Kó o sì kan àga mìíràn tì í."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ó dùn. Látìgbà náà, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, àna àtàna á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí, wọ́n á sùn lọ fọnfọn.

Àfi lánàá tí ìyàwó Bàbá yọ sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ní òun ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ ọmọ wa. Ṣọ́ọ̀bù wo ni?"

Kí n tó lanu, a gbọ́ ọ láti òdìkejì: Hùn-ùn-rùrù! Hùn-ùn-rùrù!

"Kí nìyẹn?"

Mo dáhùn kíá. "Ayùn ni, mà. Pákó líle ni wọ́n ń là."

Màmá tẹ́tí. "Ayùn méjì?"

"Méjì ni, mà. Ọ̀kan ti Bàbá, ọ̀kan ti ọkọ ọmọ yín."

Ẹ̀rín kún ẹnu Màmá. "Ẹ wo iṣẹ́! Mi ò ní dí wọn lọ́wọ́ o. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa rọra, kí wọ́n má lọ gé ara wọn lọ́wọ́."