Ọrun Tí Mo Gbé Lọ Kí Àna

Bí mo bá gbó títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo gbé ọrun lọ kí bàbá Rábíátù ní Àtàn kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ayé òyìnbó ni. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe l'Ọ̀tà. Àga àti ilẹ̀kùn ni mo mọ̀ ọ́n kàn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ju òòlù mi lọ.

Rábíátù ni mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀ kò gbà, kò sì kọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń ráhùn pé ọ̀bọ ti fẹ́ jẹ àgbàdo òun tán lóko, ìjọba sì ti gba ìbọn òun torí pé kò ní láísẹ́ńsì. Ọrun àtijọ́ tí ì bá fi lé wọn ti kán. Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ ara mi ni màá fi gbẹ́ ẹ. Ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀!"

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Tó o bá gbé e wá, tó sì dáa, a ó sọ̀rọ̀ ọmọ." Háà! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé kẹ̀kẹ́ mi sílé wọn.

Bàbá arúgbó kan wà ládùúgbò wa tó ti ń gbẹ́ ọrun láti kékeré. Ó fún mi ní igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. "Gbé e sí àjà lókè ààrò, kí èéfín máa fẹ́ ẹ. Tó bá pé oṣù méjì, wá, màá kọ́ ẹ bá a ṣe ń fá a."

Oṣù méjì kẹ̀? Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbẹ́ igi tútù yẹn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fi iná mú tèmi. Mo yan án bí ẹni yan ẹran. Nígbà tí màá fi gbé e kúrò, ara rẹ̀ ti là bí àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ṣé káfíńtà kọ́ ni mí ni? Láàárọ̀ Jímọ̀, mo fi fáníìṣì bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń dán gbinrin! Mo so okùn ọsán rẹ̀, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo wọ bùbá funfun, ó di Àtàn.

Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣojú àánú. Nígbà tí mo dé, mo fẹ́ bọ́ ọrun sílẹ̀, bùbá mi ń tẹ̀ lé e. Fáníìṣì ò tíì gbẹ! Bàbá sì ti jókòó, ó ń mu gààrí. Ṣé kí n dúró ṣánṣán níwájú àna ni? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tọrun tọrun.

Ìdí ọrun gún ilẹ̀. Gbà! Ó kán sí méjì. Ìdajì òkè fò, ó gbá fìlà bàbá, fìlà bá bọ́ sínú gààrí.

Bàbá ní, "Káfíńtà, ọ̀bọ ni mo ní kó o lé, àbí èmi?"

Rábíátù fi ẹ̀rín wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè gbójú sókè. Ó ṣe mí bíi kí n parọ́ pé ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìtìjú ti gbé irọ́ náà lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Wọ́n ní kí n fi sí àjà foṣù méjì. Mi ò lè dúró."

Bàbá yọ fìlà, ó gbọn gààrí dànù. "Lọ gbé òmíràn sí àjà. Lọ́jọ́ tó bá gbẹ, kó àwọn ẹbí rẹ wá."

Ẹ wo oṣù méjì tó gùn ju ọdún lọ! Ojoojúmọ́ ni mò ń gbójú sókè ààrò, títí ojú mi fi pọ́n fún èéfín. Igi kì í gbọ́ ìkánjú. Àna náà kì í gbọ́. Rábíátù ti bí ọmọ márùn-ún fún mi báyìí, mo sì ṣì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, torí pé títí dòní, kí n tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn mi wò.