Ọgbà Lowell Tí Yìnyín Ò Fọwọ́ Kàn

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀gbìn o. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ oko lọ̀ mí rárá. Bí ẹ bá gbin kárọ́ọ̀tì àti koríko síwájú mi, koríko ni n ó kọ́kọ́ bomi rin. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ò ju ti ẹnu lọ: bí mo bá rí ẹnu tó ń gbin oko ju ọwọ́ lọ, mo máa ń dá a mọ̀. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló wà lójú Lowell Kessler.

Àléébù Lowell ò pọ̀. Ẹyọ kan ni, àmọ́ ó tó pín fún abúlé mẹ́ta. Kò lè gbọ́ pé ẹlòmíràn ní nǹkan kí tirẹ̀ má jù ú lọ. Bí ẹja tí o pa bá gùn tó apá, tirẹ̀ gùn tó ọkọ̀ tó fi pa á. Bí eyín bá ń dùn ọ́, tirẹ̀ ti dùn ún débi pé dókítà ló sunkún. Iṣẹ́ adójútòfò ló ṣe dàgbà ní Chicago kó tó fẹ̀yìn tì, tí òun àti Corinne ìyàwó rẹ̀ sì kó wá sọ́dọ̀ wa ní Elder Creek, ní Wisconsin, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ.

Òtútù ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán tí Lowell ti ń pariwo ọgbà. Ó ra ọkọ́, ó ra ìbọ̀wọ́, ó ra fìlà etí gbòòrò. Ó fi pákó yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká, ó ga débi pé àgbọ̀nrín kankan ò ní lè fò ó. Lóòótọ́, àgbọ̀nrín ò fò ó. Ẹranko kan tó dà bí òkété tó jogún ló gba abẹ́ pákó wọlé. Ó jẹ lẹ́túúsì, ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ ewé tòmátì, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì wá wò ó bóyá nǹkan ṣẹ́kù. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fi máa mú, igi gbígbẹ nìkan ló kù nínú ọgbà, àti okùn tó fi so wọ́n.

Ká ní ẹlòmíràn ni, á sọ ọ́, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Ariwo Lowell ti lọ jìnnà ju kó padà lọ.

Ohun tó kó o yọ ni pé Corinne ti sanwó ìpín sí oko Marit Skaar, àgbẹ̀ kan nílùú wa, láti ìgbà òtútù. Báyìí la ṣe ń ṣe é: ẹ ó sanwó kí irúgbìn tó kan ilẹ̀, tó bá wá di ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ó máa lọ gbé àpótí yín ní abà Marit. Ohun tí oko bá so lẹ máa jẹ. Bí ojú ọjọ́ bá bà á jẹ́, gbogbo yín lẹ jọ máa ru àdánù náà, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè owó padà. Ohun tó bá sì wà nínú àpótí ẹnì kan ló máa wà nínú ti gbogbo èèyàn.

Lowell ní kí Corinne máa lọ gbé tiwọn ní kùtù hàì, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Tó bá ti gbé e dé, ọkọ rẹ̀ á da ẹrù náà sínú apẹ̀rẹ̀, á bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé e lórí, á gbé e wá síbi kọfí tí a máa ń mu nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn.

"Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ká èyí láàárọ̀ yìí."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun roboto aláwọ̀ àlùkò kan ló gbé wá, ìbátan kábéèjì ni, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Gbogbo wa tí a jókòó ti tábìlì náà la ní irú rẹ̀ nílé, tí a ò sì mọ ohun tí a máa fi ṣe, nítorí kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tí kì í ṣe onípìn-ín oko Marit. Lowell ò mọ̀. Corinne mọ̀. Ará ìlú wa kì í sùn pẹ́, kùtù hàì yẹn gan-an ni gbogbo wa máa ń lọ sí abà, a sì máa ń bá a kí ara wa dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ò bi í ni.

Duane Pribyl, olówò màlúù tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ilé wọn, gbé nǹkan náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó yàtọ̀," ló wí.

Nílùú wa, a kì í pe èèyàn ní òpùrọ́ lójú. Ó yàtọ̀ la máa ń wí. Bí ọbẹ̀ ò bá ṣeé jẹ, ó yàtọ̀. Bí àfẹ́sọ́nà ọmọ ẹni bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, ó yàtọ̀. Lowell rò pé wọ́n ń yìn ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé omíràn wá, a tún ní ó yàtọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn máa fi dé ìdajì, ó ti ń kọ́ Marit fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan tí Marit gbìn. Marit ní òun á fi sọ́kàn.

Oṣù kẹjọ ni òjò yìnyín dé. Ó bọ́ tó ẹyin adìẹ, ó lu oko Marit títí kò fi sí ewé kan tó dúró. Kò yọ ìlú sílẹ̀ náà. Òrùlé ọkọ̀ Duane di kòtò kòtò, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ló dojú kọ ti Lowell. Lọ́jọ́ ìsinmi, Marit dìde nídìí kọfí, ó ní kí onípìn-ín má bínú, ọwọ́ òun ṣófo. A ní kò séwu, ohun tí a jọ gbà ni. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀.

Lowell ò lè gbọ́ kí wọ́n máa ṣàánú ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìnyín yìí ya òun lẹ́nu, nítorí ó fo ọgbà tòun ni, ewé kan ò ya.

Ó wá kọjú sí Marit, ó ní kó wá kó nínú tòun. Marit ní rárá, ó ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá gbé ibí rí: ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan nílùú wa gbọ́dọ̀ kọ̀. Tí wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́, á tún kọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń fún un máa fi hàn pé kì í ṣe ẹnu lásán, olúwa rẹ̀ á sì gbà. Ọmọ Chicago ò mọ èyí. Ohun tí òun rí ni pé wọ́n ń kọ̀, ara sì tù ú. Ó tún fi lọ̀ ọ́, ó ní tòmátì ti fẹ́ ṣẹ́ igi òun. Marit tún kọ̀. Duane rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Corinne tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọkọ sún ẹsẹ̀ kúrò.

"Mo bẹ̀ ọ́, Marit," ni Lowell wí, ó na ọwọ́ méjèèjì bí olóṣèlú. "Gbogbo onípìn-ín rẹ ni kí o kó wá lọ́jọ́bọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Marit fèsì. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Lowell. A máa gbé àpótí wa dání."

Ọwọ́ Lowell wà lókè bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Nílé, Corinne ní kó kúkú sọ òótọ́. "Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó parí."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Èwo nínú wọn?"

Lowell ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó jìnnà, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa wá, inú ọgbà lojúmọ́ mọ́ ọn sí, ó ń fi òwú ìránṣọ Corinne so tòmátì mọ́ igi gbígbẹ. Corinne ní ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó mọ̀ nípa àwọn tó ń bọ̀. Lowell ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun di òwú mú.

Ogójì ilé la wá. Pásítọ̀ gbàdúrà ìkórè, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Duane fa kárọ́ọ̀tì kan yọ. Kò léwé, kò léèpo, kò ju ìka lọ, orí àti ìdí rẹ̀ rí roboto, ó ṣì tutù láti inú fíríìjì.

"Kárọ́ọ̀tì yìí ti bó ara rẹ̀," ló wí.

"Irú tuntun ni," ni Lowell dáhùn.

"Ó yàtọ̀."

Pásítọ̀ gbé kábéèjì kan kúrò nílẹ̀. Kò ní gbòǹgbò, ọ̀rá ló wọ̀. Lowell ní nítorí kòkòrò ni. Ìyàwó pásítọ̀ dúró nídìí tòmátì, ó mú àlùmọ́gàjí dání. Ara tòmátì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́, tó ń sọ pé Mexico ni wọ́n ti ká a. Màmá náà kà á, ó gbójú sókè.

"Ọ̀gá Lowell, ẹ máà bínú. Ṣé òwú ni kí n gé ni, àbí igi?"

"Òwú," ni Lowell wí. Ìgbà yẹn ló wo ojú wa yí ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpótí oko Marit lápá, irú èyí tó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀ gan-an. Ó rọra jókòó sílẹ̀.

A kó gbogbo rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Marit ló ṣe ìkẹyìn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ dá bí ẹni tó wà nínú ìsìn.

"Ọ̀gá Lowell, oko tèmi ò ní so nǹkan kan mọ́ títí òtútù á fi dé. Ẹ̀yin nìkan la gbójú lé báyìí." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, aago mélòó lẹ fẹ́ ká dé?"