Ìgò Tí Sarkin Karnuka Gbé Wá

Bí ẹ bá dé Àpáta, àdúgbò kan ní ìhà àríwá, tí ẹ kò gbúròó Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, a jẹ́ pé kò sí nílé lọ́jọ́ náà ni. Ọlágòkè tíṣà àgbà, ọmọ Èkìtì, a-wẹ̀-lẹ́ẹ̀mejì-lójúmọ́, a-jẹ-ewé-tútù-bí-òyìnbó! Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ajá nìkan ló kù tó ń kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Sarkin Karnuka, ọba àwọn ajá. Bàbá ra ọ̀dà, ó kọ oyè náà sára ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Jẹ́nẹ́rà ni ajá rẹ̀ ń jẹ́. Ọlágòkè ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ló wà lára rẹ̀. Ohun tí kò sọ ni pé láràárọ̀ ni òun ń ṣílẹ̀kùn fún un kó lọ gba atẹ́gùn, ààtàn etí odò Dilimi ni atẹ́gùn náà sì wà. Ìfun màlúù tútù ló fi ń bọ́ ọ.

Ẹni tí Bàbá kò fẹ́ rí sójú ni Kíkẹ́lọmọ, opó tó ń ránṣọ ní ìkángun òpópónà. Ó sọ ajá tirẹ̀ ní Ẹjẹ́ńsinmi, ajá ilé lásán tí etí rẹ̀ kan ti ya. Gbogbo ìgbà tó bá pe ajá náà, Ọlágòkè á ní òun ló ń bú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni olè ti jí maṣíìnì Kíkẹ́lọmọ gbé kí ajá yẹn tó dé. Láti ìgbà tó ti dé, maṣíìnì kò kúrò lójú kan mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sì ń jẹun.

Nígbà tó yá, dókítà ẹranko kan, Adéfúnmi, wá yẹ àwọn ajá Àpáta wò nítorí aràn. Níbi ìpàdé níwájú ilé mai anguwa, olórí àdúgbò, Ọlágòkè ló kọ́kọ́ nàró.

"Ranka ya dade, kí ẹ̀mí yín gùn," ó ní, "ẹ jẹ́ ká ṣòfin. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá bá aràn nínú rẹ̀, kí ẹni tó yà á fi àdúgbò sílẹ̀!"

"Bàbá, oògùn ló yẹ ká fún un," ni Dókítà wí.

"Ta ní ń sọ̀rọ̀ oògùn? Kó máa lọ!" Kíkẹ́lọmọ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, mai anguwa fọwọ́ sí i.

Dókítà ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá, ṣé ajá yín máa ń rìn kiri?"

"Jẹ́nẹ́rà? Kò mọ ọ̀nà ààtàn."

"Ṣé ó máa ń jẹ ẹran tútù?"

"Ṣíbí ló kù kí n fi bọ́ ọ."

"Ìgbà wo ló lo oògùn aràn kẹ́yìn?"

"Ajá àwọn tálákà ló ń lo ìyẹn."

Kíkẹ́lọmọ ní òun máa ń se oúnjẹ ajá òun, òun máa ń so ó, ó sì lo oògùn lóṣù tó kọjá. Ọlágòkè bú sẹ́rìn-ín. Dókítà fún oníkálukú ní ìgò kékeré kan, ó ní kí wọ́n bu ìgbẹ́ ajá wọn sí i láàárọ̀ ọ̀la.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ọlágòkè tẹ̀lé Jẹ́nẹ́rà lọ sẹ́yìnkùlé, ìgò lọ́wọ́. Ajá ṣe tirẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn nǹkan funfun wà níbẹ̀ bí hóró ìrẹsì, wọ́n sì ń rìn! Jẹ́nẹ́rà ń fìdí wọ́lẹ̀, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀.

"Kai! Mo gbé," ni Ọlágòkè wí.

Ó ronú títí. Bó bá bu ti ajá mìíràn, ta ló mọ ohun tó wà nínú ìyẹn? Ohun tó mọ́ jù ní Àpáta ló ń wá. Ta ló mọ́ jù? Ta ló ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́? Ta ló ń já ewé sàláàdì lóko etí odò, tó ń jẹ ẹ́ láìfọ̀, torí pé omi ń ṣan adùn rẹ̀ lọ? Ọlágòkè gbé ìgò, ó wọ ilé ìyàgbẹ́, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún Dókítà. "Ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí."

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo àdúgbò pé. Wọ́n ní Ẹjẹ́ńsinmi kò ní aràn kankan. Kíkẹ́lọmọ mí kanlẹ̀. Nígbà tó kan Jẹ́nẹ́rà, Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí kọ̀rọ̀."

"Kọ̀rọ̀ kẹ̀? Ẹ pariwo rẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ dé àdúgbò Ali Kazaure lọ́hùn-ún!"

"Ó dáa. Aràn kún inú ìgò yín. Ṣùgbọ́n irú aràn yìí kì í gbénú ajá, inú èèyàn ló ń gbé. Ìgbẹ́ èèyàn lẹ gbé wá, sà. Ó sì jọ pé onítọ̀hún ń jẹ ewé tí wọn ò fọ̀."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ ewé tútù bí òyìnbó.

"Sarkin Karnuka!" Ẹ̀rín bú. Warith tó ní kẹ́mísì fi ẹ̀rín ṣubú lórí àga.

Mai anguwa húkọ́. "Malam, òfin rẹ ńkọ́? Kí ẹni tó yà á..."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kíkẹ́lọmọ ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lé Bàbá. Ṣebí Dókítà ti ní oògùn ló yẹ ká fún un."

Warith sáré lọ mú oògùn aràn wá. Kíkẹ́lọmọ bu omi. Níṣojú ọmọdé àti àgbà, Sarkin Karnuka gbé oògùn mì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Jẹ́nẹ́rà fi ti ààtàn dé, ìfun màlúù lẹ́nu, ó sì tú u sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Dókítà fún òun náà ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló na ìgò tuntun sí Ọlágòkè.

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún gbé e wá, sà. Ti Jẹ́nẹ́rà ni o."