Màlúù Amẹ́ríkà Dé Ìlọrà

Ọ̀sán ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrà. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Olúyẹ́misí, tíṣà orin tó ń ti Fìdítì wá, ń ká wáyà sípíkà rẹ̀ nínú kíláàsì. Àlàní, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí, wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó sì da apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan sórí tábìlì. Èyí tó sanra jù nínú wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ.

OLÚYẸ́MISÍ: Ẹ káàsán, Bàbá Ikrimah. Ẹ kú oko. Ẹ mà ṣé gan-an, ẹ tún gbé ẹ̀gẹ́ wá fún mi.

ÀLÀNÍ: Kì í ṣe ẹ̀bùn, Àǹtí. Òkú ni. Ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ̀yin lẹ pa wọ́n.

OLÚYẸ́MISÍ: Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò mọ ọ̀nà oko yín.

ÀLÀNÍ: Kí lẹ sọ fún Ikrimah lánàá?

OLÚYẸ́MISÍ: Orin la kọ́ lánàá, sà. Mo ń fi orin àwọn ará Amẹ́ríkà han àwọn ọmọ, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jókòó pọ̀ ṣe. Onígòjé, onífèrè, onílù, wọ́n á pọ̀ bí ìjọ ọjọ́ Kérésì.

ÀLÀNÍ: Mi ò bi yín nípa Kérésì. Ẹ ní kí wọ́n dijú, àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?

OLÚYẸ́MISÍ: Mo sọ bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá dijú gbọ́ irú orin yẹn ló máa ń dùn.

ÀLÀNÍ: Nígbà tí wọ́n dijú tán, kí lẹ ní ó ń bọ̀?

OLÚYẸ́MISÍ: (Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.) Màlúù.

ÀLÀNÍ: Ẹ tún un sọ.

OLÚYẸ́MISÍ: Mo ní, "Ẹ gbọ́ bí màlúù ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ." Nínú orin ni o, Bàbá.

ÀLÀNÍ: Ikrimah ò mẹ́nu ba orin. Ó sáré bá mi lóko, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Bàbá, Àǹtí ní màlúù ń bọ̀, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ." Ká ní ọmọdé ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sọ fún un, ǹ bá ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tíṣà tó kàwé yanturu ló ní màlúù ń bọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dúró kí wọn káàbọ̀?

OLÚYẸ́MISÍ: Lẹ bá fa ẹ̀gẹ́ tu?

ÀLÀNÍ: Gbogbo ẹ̀. Èmi àti ìyá Ikrimah. Lọ́dún tó kọjá, màlúù jẹ oko mi kanlẹ̀. Mo ní tọdún yìí, màlúù kankan ò ní bà á jẹ́. Mo bá fọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

OLÚYẸ́MISÍ: Àwọn tí oko yín jọ wà ńkọ́? Ṣé àwọn náà fa tiwọn tu?

ÀLÀNÍ: Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Èmi àti Ṣàràfá la jọ pààlà. Mo pariwo fún un, kò dìde. Ó jókòó sórí ebè, ó ń bó ẹ̀pà jẹ, ó ń wò mí. Nígbà tí mo fa ẹ̀gẹ́ tu tán, ó ní, "Àlàní, màlúù yìí mà pẹ́ o. Àbí wọn ò rí ọkọ̀ wọ̀ ni?"

OLÚYẸ́MISÍ: (Ó fọwọ́ bo ẹnu.) Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.

ÀLÀNÍ: Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kó há yín lọ́fun. Gbogbo Ìlọrà ló ti rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà tó gbé mi wá síbí ò béèrè ibi tí mò ń lọ. Ó kàn ké "mùú", ó ní kí n gun ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ la máa ṣèpàdé òbí. Èmi alága, màá dìde, màá ní kí wọ́n ti kíláàsì orin yìí pa.

OLÚYẸ́MISÍ: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá wa títí kó tó gbà fún mi. Tí wọ́n bá tì í, kò tún sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n ṣí òmíràn. Ikrimah gan-an ló mọ orin gbọ́ jù nínú gbogbo wọn.

ÀLÀNÍ: (Ó nawọ́ sí ẹ̀gẹ́.) Ẹ̀rí rẹ̀ rèé.

OLÚYẸ́MISÍ: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹni tó kọ orin yẹn, orúkọ rẹ̀ ni—

ÀLÀNÍ: Ẹ má dárúkọ ẹ̀. Tí mo bá ti mọ orúkọ ẹ̀, èpè ló kàn.

OLÚYẸ́MISÍ: Ó ti kú, sà.

ÀLÀNÍ: Ó ti kú? Ta ló wá ń da màlúù ọ̀hún?

OLÚYẸ́MISÍ: Kò sí màlúù kankan.

ÀLÀNÍ: Ẹ̀ẹ́, wọ́n ti sọnù. Àǹtí, màlúù tí olówó ẹ̀ ti kú, tí kò sẹ́ni tó ń dà á, òun gan-an ló ń jẹ oko olóko.

OLÚYẸ́MISÍ: Bàbá, ọkùnrin yẹn ò ní màlúù rí láyé ẹ̀. Àárín ìlú ńlá ni wọ́n bí i sí, láàárín mọ́tò.

ÀLÀNÍ: Kò ní màlúù rí, ó wá ń kọrin màlúù. Kí ló dé tí kò kọrin mọ́tò?

OLÚYẸ́MISÍ: Ẹlòmíràn ló kọ ti mọ́tò. Ó tiẹ̀ fi fèrè mọ́tò gidi sí i.

ÀLÀNÍ: Ká ní tìyẹn lẹ fi hàn wọ́n lánàá, ǹ bá kàn yà sẹ́bàá títì ni.

(Olúyẹ́misí ò jiyàn mọ́. Ó ki wáyà bọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Fèrè kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.)

OLÚYẸ́MISÍ: Ẹ dijú, sà.

ÀLÀNÍ: Kí n dijú kí màlúù wá ká mi mọ́bí? Ojú kan ni màá dì. (Ó di ojú kan.) Mi ò gbọ́ màlúù. Ẹnì kan tó ń súfèé ni mò ń gbọ́.

OLÚYẸ́MISÍ: Ẹni tó ń dà wọ́n nìyẹn.

ÀLÀNÍ: Òun nìkan ṣoṣo? Nínú gbogbo pápá yẹn? Àánú ẹ̀ ń ṣe mí. (Ó di ojú kejì láìmọ̀.) Kí ló ń dún kì-kì-kì yẹn?

OLÚYẸ́MISÍ: Ìlù ni. Òun ni wọ́n fi ṣe ìró ẹsẹ̀ màlúù.

ÀLÀNÍ: Wọ́n pọ̀. Àǹtí, wọ́n pọ̀ gidi. Èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn yẹn, ó lóyún.

OLÚYẸ́MISÍ: Gòjé ńlá nìyẹn, sà.

ÀLÀNÍ: Mo ní ó lóyún. Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti rí màlúù jù yín lọ.

(Gbogbo fèrè àti ìlù gbè é lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàní fò dìde, ó já rúlà gígùn gbà lára pátákó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.)

ÀLÀNÍ: Ẹ gba apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún, ìyá Ikrimah, wọ́n ti wọ ẹ̀gẹ́!

(Olúyẹ́misí pa orin. Àlàní la ojú, ó wo rúlà ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e padà síbi tó ti mú un, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.)

ÀLÀNÍ: Mo na ọmọ yẹn lánàá. Mo ní ó parọ́ fún mi. Ó dùn mí, Àǹtí. Ikrimah ò parọ́ rárá.

OLÚYẸ́MISÍ: Kò parọ́, sà. Ṣé ẹ ó ṣì ti kíláàsì wa lọ́jọ́ Jímọ̀?

ÀLÀNÍ: Ohun tó lè lé bàbá arúgbó dìde báyìí, ta ló máa tì í? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣòro tó wà níbẹ̀. Tí mo bá dìde ní ìpàdé pé kí wọ́n fi yín sílẹ̀, "mùú" ni wọ́n máa ké lé mi lórí, mi ò ní lè sọ̀rọ̀. Òmùgọ̀ kan ṣoṣo ni èmi ní gbogbo Ìlọrà báyìí. Ìtìjú nìyẹn. Àmọ́ tá a bá ti di méjì, ọ̀rọ̀ ìlú ni.

OLÚYẸ́MISÍ: Kò yé mi, sà.

ÀLÀNÍ: Rahmatullah, ọmọ Ṣàràfá, ṣé ó wà nínú kíláàsì yín?

OLÚYẸ́MISÍ: Iwájú gan-an ló ń jókòó sí.

(Àlàní yọjú síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ tábìlì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.)

ÀLÀNÍ: Màlúù ò lè mú Ṣàràfá mọ́. Àgbàdo ló pọ̀ lóko ẹ̀, kò sì tíì gbó. Àǹtí, nínú gbogbo àwọn ará Amẹ́ríkà yín yìí, ṣé kò sẹ́ni tó kọ tiẹ̀ nípa eéṣú?