Kọ́ńpìnnì Wà Ní Kíláàsì, Sà!

Abẹ́ fèrèsé ni mo ti ń yọjú, ni mo bá rí i pé Alága nìkan ló jókòó sínú kíláàsì tó yẹ kí ọgọ́ta èèyàn wà.

Òun nìkan!

Ó jókòó pa sí bẹ́ǹṣì iwájú, ó to bírò sórí tábìlì, ó wọ kóòtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí apá rẹ̀ bo gbogbo ìka ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ọkọ ìyàwó ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín. Ọrọ̀-ajé àti káràkátà là ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Àwa kì í ṣe ọmọ òfin, kò sì wù wá. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ní dandan ni kí oníṣòwò mọ òfin díẹ̀, ni wọ́n bá fún wa ní tíṣà òfin kan tí a sọ ní Lọ́yà. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sí. Méje! Ìgbà tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn!

Lọ́yà mọ iṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tó bá ń kọ́ni, itọ́ á máa ta, ṣọ́ọ̀kì á máa fò. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó gbá bọ́ọ̀dù, gbàà!

"Kọ́ńpìnnì, èèyàn ni!"

A wo ara wa.

"Lójú òfin, ẹni ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì, ẹni ọ̀tọ̀ ni àwọn onípìn-ín tó dá a sílẹ̀. Ó lè ra ilẹ̀. Ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́. Ohun tó bá ṣe, òun ló ṣe é, kì í ṣe àwọn!"

"Sà, ṣé ó lè ṣàìsàn?" ẹnì kan bèèrè.

"Jókòó jàre!"

"Sà, ṣé ó lè lọ síbi tí wọ́n bá pè é?" Alága, olórí kíláàsì wa, ló bèèrè ìyẹn.

"Ìbéèrè gidi! Ó lè lọ. Ó kàn nílò ẹnì kan tó máa ṣojú fún un ni. Tí aṣojú bá ti jókòó, kọ́ńpìnnì ti jókòó nìyẹn."

Yéè! Lọ́yà ti fẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀!

Ọmọ káràkátà lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Gbogbo wa ní ìpín kọ̀ọ̀kan, a fi Alága ṣe olùdarí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kọ́ńpìnnì náà fẹ́ máa ṣe láyé ni kó máa lọ sí kíláàsì aago méje dípò wa.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Kí ló wá gbé èmi dé abẹ́ fèrèsé? Mi ò fọkàn tán Alága ni. Ẹni tó ń sun oorun nínú ìdánwò! Mo ní kí n sáré yọjú wò ó bóyá ó dé, kí n padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò tilẹ̀ bọ́ aṣọ oorun.

Ohun tá ò mọ̀ ni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Màdáámù Àyẹ̀wò ń bọ̀. Màdáámù yìí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń rán wá wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ni. Tó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gba tíṣà síṣẹ́ pátápátá. Tí kò bá fọwọ́ sí i, kí tíṣà máa palẹ̀ mọ́. Lọ́yà sì ti ń ṣe tíṣà onígbà díẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, débi pé ìyá ìyàwó rẹ̀ kì í kí i bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn mọ́. "Ṣé wọ́n ti gbà yín?" ni ìkíni tiẹ̀.

Kò! Kò! Kò! Bàtà Màdáámù ló ń bọ̀ yẹn. Lọ́yà wà níwájú, ó wọ táì tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé, mà. Àwọn ọmọ mi rèé o. Wọ́n fẹ́ràn òfin débi pé..."

Ó rí bẹ́ǹṣì tó ṣófo.

Alága dìde, ó so bọ́tìnnì kóòtù. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà. Kọ́ńpìnnì ń kí yín."

"Àwọn yòókù dà?" Ohùn Lọ́yà ti tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn.

"Àwọn wo, sà?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì!"

"Háà, àwọn onípìn-ín lẹ̀ ń wí! Wọ́n wà nílé, sà. Kọ́ńpìnnì ló wá."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán lójú Lọ́yà, tó, tó, tó. Màdáámù jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú. Ó tún wo Alága. Ẹnì kan náà ni.

"Tíṣà, kí lọmọ yìí ń sọ?"

"Mà, ẹ má dá a lóhùn, orí ẹ̀ ò..."

"Sà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa!" Alága ti ṣíwèé. "Ẹ ní tí aṣojú bá ti jókòó, kọ́ńpìnnì ti jókòó nìyẹn. Àbí irọ́ lẹ kọ́ wa ni?"

Ẹ wo wàhálà! Tí Lọ́yà bá ní irọ́ ni, ó ti sọ lójú Màdáámù pé irọ́ lòun fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá ní òótọ́ ni, a jẹ́ pé kíláàsì kún nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àfi bíi kí n wọlé lọ jókòó, ká lè di méjì. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú aṣọ oorun?

"Òótọ́ ni," Lọ́yà sọ nígbẹ̀yìn.

"Ẹni mélòó ló wá wà ní kíláàsì yín láàárọ̀ yìí?" Màdáámù bèèrè.

Lọ́yà tún táì rẹ̀ ṣe. "Gbo... gbogbo wọn, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ́ gbogbo wọn lọ."

Mo kú!

Ẹ̀yin èèyàn mi, Lọ́yà kọ́ àga níwèé! Ó ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ó ń nàka sẹ́yìn níbi tí kò séèyàn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?" Alága á yí ọrùn, á wo ẹ̀yìn, á dáhùn pé, "Kọ́ńpìnnì ń gbọ́, sà." Nígbà tó yá, Lọ́yà ní kí wọ́n dín ariwo kù. Ariwo wo? Eṣinṣin kan ló ń fò!

Màdáámù nawọ́ sókè. "Èmi náà fẹ́ bi kọ́ńpìnnì ní ìbéèrè. Tí oníṣòwò bá ní òun fẹ́ ta ọjà fún ẹnì kan, tí ẹni yẹn kàn dákẹ́, ṣé wọ́n ti ṣe àdéhùn nìyẹn?"

Alága ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé ó máa gbà?

"Mà, olùdarí ò lè dá dáhùn. Kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ ṣèpàdé."

Ó fa fóònù yọ, ó pe gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Fóònù tèmi náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi lábẹ́ fèrèsé, mo gbé e sétí.

Kíláàsì kún fún ohùn. Ẹnì kan ń hanrun, hòòò. Omi ń dà ṣàà níbì kan, ẹlòmíì ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ìyá ẹnì kan ń pariwo, "Ṣebí o ní o ò ní kíláàsì lónìí!"

"Ẹ̀yin onípìn-ín," Alága ní, "ẹni tó bá dákẹ́, ṣé ó ti gbà àbí kò tíì gbà? Ẹ dìbò!"

"Ó ti gbà!" Gbogbo wọn ló pariwo ẹ̀, títí kan ẹni tó ń hanrun.

Inú bí mi! Ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà, mo sì ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì yẹn o! Mo gbàgbé ibi tí mo wà.

"Rárá o!" mo lọgun. "Ẹni tó dákẹ́ ò tíì gbà! Ó gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀!"

Ohùn mi jáde nínú fóònù Alága, ó tún gba fèrèsé wọlé.

Màdáámù yíjú. Lọ́yà yíjú. Èmi rèé, aṣọ oorun olódòdó lọ́rùn, nẹ́ẹ̀tì irun lórí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," mo ní. Kí ni kí n tún wí?

"Onípìn-ín kan tiẹ̀ gbọ́n," Màdáámù ní. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde.

Lọ́yà bẹ́ síwájú rẹ̀. "Mà, ẹ dákun, ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i? Ṣé wọ́n ti gbà mí?"

"Èmi kọ́ ló ń gbani síṣẹ́, tíṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ṣebí ẹni ọ̀tọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni ọ̀tọ̀ lèmi? Ẹ máa wá a lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ bá mi kí i."

Hà!

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí mo bá bá ọgọ́ta ìdí lórí bẹ́ǹṣì, ìdí gidi o, màá fọwọ́ sí i." Kò, kò, kò, ó lọ.

Lọ́yà rọra dẹ táì ọrùn rẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Sà," Alága ní, ó ti ń fẹ̀yìn rìn, "ẹ rántí pé èmi kọ́ o. Aṣojú lásán ni mí."

"Mo mọ̀."

"Ẹni ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì, sà!"

"Mo mọ̀. Òun gan-an ni mò ń wá."

Gìrì! Alága fò gba ojú fèrèsé, kóòtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya fààà! Ó já lé mi lórí, àwa méjèèjì dìde, a bẹ́ sí eré. Lọ́yà ń lé wa pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́. A gba iwájú ọ́fíìsì, a gba ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, àwọn akọ̀wé ń sáré jáde wá wòran. Nẹ́ẹ̀tì irun mi ti bọ́ sọnù, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Gbòsà! Bàtà bà mí láàárín ẹ̀yìn.

"Yéè! Sà, èmi lẹ sọ bàtà lù o!"

Lọ́yà dúró. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fọwọ́ lé àyà.

"Háà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Ìwọ kọ́ o. Kọ́ńpìnnì ni mo sọ ọ́ lù."