Èmi Tí Mo Ń Ṣọ́ Abọ́ Bàbá Àgbà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kí ó tán. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí látòkè délẹ̀. N kò fi iyọ̀ sí i, nítorí nọ́ọ̀sì ti ní kí á dín iyọ̀ kù.

Àyẹ̀wò fi hàn ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ọ̀rá yìí, tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà dé ọkàn. Kí bàbá yẹra fún wàrà díndín, awọ ẹran àti dùndú fún oṣù méjì. Bí ọ̀rá náà kò bá wálẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Ojú bàbá àgbà fà ro. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ ebè iṣu. Kò sí ọdún tí wọ́n fò.

Mo dìde fùú. "Ẹ má mikàn, mà. Èmi ni n óò máa ṣọ́ abọ́ wọn."

Ìyá àgbà kò gbà pé wàrà lè ṣe ènìyàn ní ibi, wọn kò sì yé dín in. Ilé wa kò sì fẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò: àjẹkù àgbà, ọmọ ló ni ín. Nítorí náà, gbogbo wàrà tí mo bá gbà kúrò nínú abọ́ bàbá, ẹnu mi ni mo ń kó o sí.

"Ìyàwó mi," bàbá àgbà a máa wí, "àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n ìwọ kò tíì jẹ́ kí n jẹ èyí tí n óò ṣẹ́ kù!"

"Ọkàn yín ni mo ń gbà là, Bàbá." Kò rọrùn láti sọ, nítorí ẹnu mi kún.

"Ọkàn mi ni, àbí ọ̀fun rẹ?"

Lọ́sẹ̀ keje, mo ń bá gbogbo ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìlera ọkàn. Mo mí kanlẹ̀ kí n lè pe "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" dáadáa, ni sípù síkẹ́ẹ̀tì mi bá já. Olùkọ́ wa fi ìborùn wọn dì mí nídìí bí ẹni di ẹrù iṣu. Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ni ọjọ́ tí mo ń sọ.

Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbà ti dára! Nọ́ọ̀sì ní irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ a máa bá ìdílé rìn, kí èmi náà na ìka mi. Mo nà án tìgbéraga-tìgbéraga. Nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ gún un, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ mi sí ẹ̀rọ kékeré kan. Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ẹ̀rọ.

"Bàbá, ọ̀rá yín kò sọnù o. Ara ọmọ yìí ló kó lọ."

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi jábọ́.

Mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rá kì í béèrè ọjọ́ orí. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ dé oko ni oògùn mi báyìí. Èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ ń dùn mí. Bàbá àgbà ti padà sídìí ebè wọn, wọ́n sì ti gba iṣẹ́ mi: àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ abọ́ mi. Ìyá àgbà ń dín wàrà, bàbá àgbà sì ń gbé e kúrò níwájú mi lójoojúmọ́. Mo ti bi gbogbo ilé: ta ni ń jẹ ẹ́?